Èso, Ṣúgà àti Ààrò: Ìtàn Jáàmù Síse ní Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Àwọn òpìtàn tí wọ́n ti kọ̀wé lórí Òkè-Ìmẹ̀sí kì í sábà kúrò lójú ogun. Èyí kò yani lẹ́nu. Ìlú yìí ni Fábùnmi ti dìde ní ọdún 1878, tí ó pa àwọn aṣojú Ìbàdàn tí wọ́n ń ni ará ìlú lára, tí ogun Kírìjí sì tipa bẹ́ẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Bí ìtàn ogun bá tán, ìtàn kòkó ni í tẹ̀lé e: bí jagunjagun ṣe sọ idà kalẹ̀ tí ó gbé àdá àti ọkọ́, bí owó ṣe wọ̀lú, bí ilé onípáànù ṣe rọ́pò ilé eléwé. Láàárín ìtàn méjèèjì yìí, ibi ìdáná kò rí ẹni mẹ́nu kàn án. Ohun tí obìnrin bá gbé ka iná, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, kò sì ní wọ inú ìwé.

Jáàmù ni iṣẹ́ yìí mú gẹ́gẹ́ bí ojú ihò tí èèyàn lè gbà wo ibi ìdáná náà. Ẹlòmíràn lè rẹ́rìn-ín pé kí ni jáàmù ní í ṣe pẹ̀lú ìtàn Èkìtì, nígbà tí kì í ṣe oúnjẹ Èkìtì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ gan-an. Agbègbè tí ó lọ láti Ìjerò dé Àrámọ̀kọ, láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Òkè-Ìmẹ̀sí, jẹ́ ilẹ̀ òkè tí òjò rọ̀ sí dáadáa, tí ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, gúrọ́fà, máńgòrò àti agbálùmọ̀ ń so níbẹ̀. Bí àkókò èso kan bá dé, ọjà á kún, owó rẹ̀ á wálẹ̀, ìyókù á sì jẹrà lábẹ́ igi. Nínú oko kòkó pàápàá, omi dídùn tí ó ń jáde lára kóró kòkó ń ṣàn wọlẹ̀ lásán. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ ọrọ̀ yìí di ohun tí ó lè pẹ́ nínú ìgò?

Ìdáhùn méjì ni àwọn ènìyàn máa ń fún ìbéèrè yìí. Èkíní ni pé àwọn obìnrin kò mọ bí a ṣe ń ṣe é. Èkejì ni pé kò sí ohun èlò. Ìdáhùn méjèèjì ni ó ní àbùkù, ti èkíní sì burú ju ti èkejì lọ.

Ohun tí orúkọ ń sọ

Orúkọ a máa sọ ọjọ́ orí nǹkan. Oyin àti ìrèké kò ní orúkọ àlejò. Wọ́n ti wà nínú ohun tí a fi ń sọmọ lórúkọ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́. Ṣùgbọ́n ṣúgà ní orúkọ méjì, méjèèjì sì ń tọ́ka sí òkun. Ọ̀kan ni ṣúgà fúnra rẹ̀, èkejì ni iyọ̀ òyìnbó tí àwọn àgbà ń pè é. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ wo funfun rẹ̀ àti bí ó ṣe rí wóyowòyo, ó rí i pé iyọ̀ ni ó jọ, ó sì mọ ilé ẹni tí ó ti wá. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà rù orúkọ tirẹ̀ bọ̀ láti etí òkun. Ní ti jáàmù, wọn kò tilẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu láti sọ ọ́ ní orúkọ. Orúkọ tí wọ́n kọ sára agolo ni wọ́n gbà. Ìyẹn fi hàn pé inú agolo ni ó ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ti sè parí, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n rí i tí ẹnìkan ń ṣe.

Ọ̀nà tí iyọ̀ òyìnbó gbà dé inú agolo náà kan ìran Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Cuba ni ilẹ̀ tí ó ń ṣe ṣúgà jù lọ ní àgbáyé. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú, tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ẹrú tí wọ́n kó láti apá ibi wọ̀nyí dé oko ìrèké Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Lukumí, àti Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí oko ẹrú ní àwọn erékùṣù tirẹ̀ láàárín ọdún 1834 sí 1838. Síbẹ̀, ní ọdún 1846, ó ṣe òfin pé kí owó orí ṣúgà tí ẹrú gbìn ní ilẹ̀ mìíràn máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ti ilẹ̀ tirẹ̀. Ní ọdún 1874, ó pa owó orí ṣúgà rẹ́ pátápátá. Láti ìgbà náà ni ṣúgà ti di ohun tí tálákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rà, tí ilé iṣẹ́ jáàmù sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Búrẹ́dì àti jáàmù di oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní àkókò láti se ọbẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n kéde àdéhùn tí ó dá ogun Kírìjí dúró, nítòsí Ìmẹ̀sí-Ilé tí kò jìnnà sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni ìjọba Spain fòpin sí ìyókù oko ẹrú ní Cuba. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó wà láàárín wọn. Kò sí ẹni tí ó jókòó ní Kírìjí tí ó mọ̀ nípa ti Cuba, kò sì yẹ kí òpìtàn so wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan bí èkejì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ṣúgà fi jẹ́ ohun àlejò ní ilẹ̀ tí ìrèké ti ń hù yóò ní láti fi ọjọ́ méjèèjì sọ́kàn.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀

Jáàmù kò le láti ṣàlàyé. Èso, ṣúgà, omi kíkan àti iná ni. Ohun tí ó ń mú kí ó dì ni èròjà kan tí ó wà lára èèpo àti ẹran èso, èyí tí Henri Braconnot, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ ní péktìn ní ọdún 1825. Gúrọ́fà àti ọsàn kíkan ní i púpọ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ìbẹ́pẹ kò ní i tó, nítorí náà ni a fi ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí wọn tí a sì ń da èèpo ọsàn pọ̀ mọ́ wọn. Òṣùwọ̀n ṣúgà kan sí òṣùwọ̀n èso kan ni ó wọ́pọ̀. Wọ́n á gé èso wẹ́wẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ sè é títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n tó da ṣúgà sí i. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á jẹ́ kí iná gbà á gidigidi, tí wọn yóò sì máa rò ó kí ó má baà jóná mọ́ ìdí ìkòkò, títí ṣúgà inú rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí ìdá 65 nínú 100. Nígbà náà ni kòkòrò àìfojúrí kò ní rí omi tí yóò fi gbé inú rẹ̀, tí yóò sì lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ìgò tí a ti fi omi gbígbóná pa ìdọ̀tí ara rẹ̀.

Àwọn ìwé òyìnbó sọ pé kí a sọ ọ́ nígbà tí ìgbóná rẹ̀ bá dé 104 tàbí 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òkè-Ìmẹ̀sí kọ́, nítorí orí òkè ni ó wà. Níbi tí ilẹ̀ bá ga tó bẹ́ẹ̀, omi a máa hó kí ó tó dé 100, nítorí náà ẹni tí ó bá fi tẹmómítà dúró de 105 yóò rí i pé jáàmù òun ti le jù. Obìnrin tí kò ní tẹmómítà ni ó ṣe rere níbẹ̀: yóò kán díẹ̀ sórí àwo tútù, yóò fi ìka tì í, bí ojú rẹ̀ bá hunjọ, ó tó nìyẹn.

Èyí ni ó mú kí ìdáhùn àkọ́kọ́, pé àwọn obìnrin kò mọ̀ ọ́n ṣe, má lè dúró. Àwọn tí wọ́n ń se baba dúdú, tí wọ́n ń fi omi àgbọn àti ṣúgà sórí iná títí yóò fi dúdú tí yóò sì le, mọ ohun tí ṣúgà ń ṣe lórí iná dájúdájú. Ẹni tí ó ń ro ẹ̀kọ kí ó má dì kókó, tí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun yọ igi nínú ààrò kí iná rọlẹ̀, kò ní kọ́ jáàmù ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ohun èlò náà kò jìnnà. Ìkòkò irin a máa sọ èso kíkan di dúdú, yóò sì fi ìtọ́wò irin sí i, ṣùgbọ́n ìkòkò amọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tánganran kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ìgò tí ó ní ìdérí kò pọ̀ ní àtijọ́. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá nílò ohun kan, kì í pẹ́ kí ó tó wá ìdérí fún un. Ìda oyin wà nínú ilé àwọn ọdẹ.

Ìdí tí kò fi ṣe kókó

Bí kì í bá ṣe àìmọ̀, kí ni? Ìdí kan ni ojú ọjọ́. Iṣẹ́ ilẹ̀ òtútù ni jáàmù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èso á so láàárín oṣù mẹ́ta, òtútù á sì gba ìyókù ọdún. Ẹni tí kò bá tọ́jú èso kò ní rí i jẹ mọ́ títí di ọdún tí ń bọ̀. Ní Èkìtì, èso kan á lọ, òmíràn á dé: agbálùmọ̀ ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, máńgòrò bí òjò bá ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyeyè ní àárín òjò, ọsàn nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀, ìbẹ́pẹ sì wà yípo ọdún. Ohun tí ó ń fa ìyàn kì í ṣe àìsí èso, àìsí iṣu ni. Nítorí náà ni ọgbọ́n ìpamọ́ àwọn Yorùbá fi wà lára iṣu, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo: èlùbọ́, gàrí, ògì. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé a kò mọ ìpamọ́ oúnjẹ ń wá a níbi tí kò yẹ kí ó wà.

Ìdí kejì wà lára búrẹ́dì. Jáàmù kì í dá rìn. Ní ọdún 1921, Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jamaica, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì tà ní Èkó, iṣẹ́ rẹ̀ sì di ńlá débi pé búrẹ́dì tàn kálẹ̀ ní ọ̀nà rélùwéè àti ọ̀nà mọ́tò. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì tí ó dé ìlú wọ̀nyí ti ní ṣúgà nínú tẹ́lẹ̀, àwọn tí ń jẹ ẹ́ sì ti ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi jẹ ẹ́: àkàrà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà. Ibi tí àkàrà jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ ni búrẹ́dì wá jókòó sí. Kí jáàmù tó dé, ìjókòó ti kún. Ẹni tí ń fi búrẹ́dì jẹ jáàmù ní àkókò náà ni àwọn olùkọ́, àlùfáà àti àwọn tí ó ti dé ìlú òyìnbó, ó sì di àmì ọ̀làjú ju oúnjẹ lọ.

Ìdí kẹta ni ó le jù, òun ni ó sì yẹ kí òpìtàn dúró lé lórí. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dín jáàmù kù ní oṣù Kẹta ọdún 1941, olúkúlùkù sì ń gba ìwọ̀nba tirẹ̀. Síbẹ̀, láti ọdún 1940, ìjọba kan náà ti ń fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin abúléko ní ṣúgà, kí wọ́n máa fi se èso tí ìbá jẹrà ní jáàmù fún ìlú. Gbọ̀ngàn abúlé àti ilé ìdáná di ibi iṣẹ́. Ìjọba gbà pé obìnrin abúlé, pẹ̀lú ìkòkò àti ṣíbí igi, lè bọ́ orílẹ̀-èdè.

Ní àkókò kan náà gan-an, kí ni ìjọba yìí ń ṣe ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà? Ó fi ọwọ́ mú kòkó. Láti ìgbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ni ó ti di ẹni tí ń dá iye owó rẹ̀, tí ó sì ń rà á. Ní ọdún 1947, Bọ́ọ̀dù Kòkó gba iṣẹ́ náà, ní ọdún 1954, ó bọ́ sí ọwọ́ bọ́ọ̀dù ti Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Iye tí bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ kò tó iye tí ó ń tà á lókè òkun, ìyàtọ̀ náà ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀pọ̀ ohun rere, títí kan ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Ó kan èso pẹ̀lú. Láàárín àwọn ọdún 1950, wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn tí ń rọ omi ọsàn àti ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú agolo. Owó kòkó Òkè-Ìmẹ̀sí àti ti Ẹ̀fọ̀n wà nínú rẹ̀ bí ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ kí ọsàn rẹ̀ wọ inú agolo ní láti gbé e dé Ìbàdàn, ọ̀nà òkè Èkìtì kò sì ṣe é fi ọsàn pọ́n. Èrò ìjọba ni pé ìpamọ́ èso jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá. Kò sí ẹni tí ó pín ṣúgà fún ẹgbẹ́ obìnrin Àrámọ̀kọ.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ó gba jáàmù mú nígbà náà. Àwọn ọmọbìnrin tí ń kọ́ ìtọ́jú ilé kọ́ ọ, ó sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ nípa ìpamọ́ oúnjẹ títí di òní. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ mú un jìnnà sí ààrò ìyá wọn. Ìlànà tí a kọ fún èso ilẹ̀ òtútù ni, òṣùwọ̀n àti ẹ̀rọ ìdáná inú kíláàsì ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tí ọmọ bá sì padà sílé, kò sí èyí tí ó bá a dé. Ó mọ jáàmù fún ìdánwò.

Omi kòkó

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni jù ni inú oko kòkó. Bí àgbẹ̀ bá la èso kòkó, kóró rẹ̀ wà nínú ẹran funfun tí ó dùn tí ó sì kan díẹ̀, tí àwọn ọmọdé máa ń lá. Yóò kó o jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò fi ewé bò ó, yóò sì fi í sílẹ̀ bí ọjọ́ márùn-ún sí méje kí ó lè kan. Láàárín ọjọ́ kíní, omi púpọ̀ á ti ṣàn jáde lára rẹ̀. Nínú ẹran funfun náà, ṣúgà tó nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú 100, ó ní ásíìdì ọsàn, ó sì tún ní péktìn. Ohun mẹ́ta tí jáàmù nílò ni Ọlọ́run ti kó pọ̀ sínú èso kan ṣoṣo, nínú oko tí gbogbo Èkìtì fi ṣe ọrọ̀. Àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí kòkó ní Tafo, ní ilẹ̀ Gánà, ti fi omi náà ṣe jáàmù àti ọtí. Ibùdó ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1964, náà ti ṣiṣẹ́ lórí ohun tí a lè fi ìyókù kòkó ṣe.

Kí ló dé tí kò fi dé abúlé? Ọkùnrin ni ó ni oko, ọkùnrin ni ó ń gba owó kòkó. Obìnrin ni ó ń ru kóró kòkó, tí ó ń sá a, tí ó ń ṣà á. Bí omi bá sì ṣàn wọlẹ̀, kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjà, ta ni yóò ni ín? Ìbéèrè yìí kò tíì ní ìdáhùn nínú àṣà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tíì bi í. Ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú oko ní ìdáhùn tiwọn: ìyàwó ni ó sábà máa ń tà wọ́n, owó wọn a sì máa wọ ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ omi kòkó di jáàmù ní láti kọ́kọ́ mọ abẹ́ èwo nínú méjèèjì ni ó wà. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ oúnjẹ kì í sábà béèrè irú èyí, nítorí náà ni iṣẹ́ wọn fi ń dúró sínú ìwé.

Láti sítóòfù dé gáàsì

Àwọn ọdún 1970 yí ìdáná padà ju bí àwọn òpìtàn ti kọ ọ́ lọ. Owó epo rọ̀bì pọ̀, kẹrosíìnì kò wọ́n, sítóòfù sì wọ ilé olùkọ́ àti oníṣòwò ní ìlú kéékèèké. Iná sítóòfù ṣe é yí sókè sódò. Jáàmù síse wá rọrùn ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ṣúgà náà wà: ilé iṣẹ́ ṣúgà ní Bacita ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1964, èyí tí ó ti òkun wá sì kún un. Bí àkókò kan bá wà tí jáàmù ilé lè fi gbilẹ̀ ní Èkìtì, àkókò náà nìyí. Ṣùgbọ́n owó kan náà ni ó mú jáàmù òkè òkun kún ọjà. Ta ni yóò jókòó ti ìkòkò ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ó lè rà á?

Nígbà tí owó náà lọ, ohun gbogbo lọ papọ̀. Ètò ìtúnṣe ọrọ̀ ajé ọdún 1986 já iye náírà wálẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1987, ìjọba fòfin de kíkó ọkà òyìnbó wọlé, òfin náà sì dúró títí di ọdún 1992. Búrẹ́dì di ọ̀wọ́n, àgàgà ní ìlú tí ó jìnnà sí Èkó. Ẹni tí kò rí búrẹ́dì kò wá jáàmù. Ṣùgbọ́n kí èèyàn má tètè sọ pé gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀, nítorí pé nígbà tí ọjà òkè òkun kúrò nílẹ̀ ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rántí ohun tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì.

Lónìí, ní Èkìtì tí ó di ìpínlẹ̀ ní ọdún 1996, ohun èlò kì í ṣe ìṣòro ẹni tí ó fẹ́ se é ní ilé. Ẹ̀rọ ìlọta á lọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó láàárín ìṣẹ́jú kan. Gáàsì ṣe é fi ìka yí. Ìgò onídèérí pọ̀ ní ọjà. Ohun tí ó kù ni ṣúgà, tí ó jẹ́ ìdajì ohun tí ó wọ inú ìkòkò. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà tí wọ́n ń fọ̀ ní Èkó ni wọ́n ń kó wá láti Brazil, ilẹ̀ tí àwọn Nàgó ti fi àdá gé ìrèké rí, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà á. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba ti jẹ́ kí iye náírà máa wá ipò fúnra rẹ̀, owó ṣúgà àti ti gáàsì ti ga sókè jọjọ. Èso, tí ó jẹ́ ìdajì kejì, ṣì ń jẹrà lábẹ́ igi. Àwọn kan ti ń dín ṣúgà kù sí ìdajì, wọ́n sì ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ kún un. Jáàmù bẹ́ẹ̀ dára lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò lè pẹ́ láìsí fìríìjì, iná mànàmáná kì í sì í dúró. Nítorí náà, ìgò méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń sè lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀n tí ilé kan lè jẹ tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hu funfun lójú.